Píánò Ọmọ Ọwọ́ Ni Mo Rà fún Ọmọ Ọdún Mẹ́rin

Bí mo bá ní kí n ro ẹjọ́ yìí fún àwọn ará àdúgbò mi, wọn á ní ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi, wọn ò sì ní parọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e tọ ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí rí wá. Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí ẹ sì fara balẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe èyí tí èèyàn ń pariwo. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún mi. Obìnrin ni, ọmọ ọdún mẹ́rin ni, Mofẹ́olúwa ni orúkọ rẹ̀, Aunty ló sì ń pè mí. Kó tó di ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí, mo gbọ́dọ̀ sọ bóyá kí wọ́n máa mú un lọ sí Kánádà gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹlòmíràn, tàbí kí n lọ gbà á padà lọ́wọ́ obìnrin tó ń pè ní Mummy. Ẹni tó ń pè ní Mummy yẹn kì í ṣe ọ̀tá mi o. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ọmọ ìyá mi, ọmọ bàbá mi. Bó bá jẹ́ ọ̀tá ló gbà á lọ́wọ́ mi, ǹ bá ti mọ ohun tí ǹ bá ṣe, nítorí ẹnu mi mú, gbogbo Ìkòsì tí mò ń gbé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni kí n bá jà? Kò sẹ́ni tó jí ọmọ mi gbé. Èmi náà ni mo pọ̀n ọ́n sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi, tí mo so ọ̀já fún wọn, tí mo sì ní kí wọ́n máa lọ.

Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe. Yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé ìwé ló pọ̀ jù nínú ohun tí mò ń rán. Mi ò fọ́nnu, bí ìyá ọmọ bá ti sọ ọjọ́ orí ọmọ rẹ̀ fún mi lórí fóònù, mo lè gé aṣọ náà láìfi téèpù kan ara ẹnikẹ́ni, bí ọmọ bá sì wọ̀ ọ́, á bá a mu. Àwọn oníbàárà mi a máa fi mí ṣàwàdà pé inú ojú mi ni téèpù mi wà. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ìtìjú tó wá bá mi lẹ́yìn náà.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí wa. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Àwọn ni wọ́n mú mi wá sí Èkó nígbà tí mo jáde ilé ìwé girama, àwọn ni wọ́n fi mí sẹ́nu iṣẹ́, àwọn náà ni wọ́n ra máṣíìnì àkọ́kọ́ fún mi lọ́jọ́ tí mo ṣe firídọ́ọ̀mù. Wọ́n kàwé, wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, wọ́n fẹ́ ọkọ tó mọ iyì wọn, Magodo ni wọ́n sì ń gbé, nínú ẹ́sítéètì tí èèyàn kì í kàn ṣàdédé wọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni wọn ò ní. Ọdún kẹsàn-án tí wọ́n ti ṣègbéyàwó, ọmọ ò tíì dé. Ìyá ọkọ wọn kì í bú wọn. Àdúrà ni ìyá yẹn máa ń gbà fún wọn níṣojú àlejò, èyí tó burú ju èébú lọ. Èmi tí mi ò wá a ni mo wá rí i. Ọkùnrin tó fún mi lóyún ń ṣe fèrèsé onígíláàsì ní Kétu. Nígbà tí Mofẹ́ pé oṣù mẹ́jọ, ó ní òun fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ kan ní Kútọnú, títí di òní n kò gbúròó rẹ̀. Ẹ má bá mi kẹ́dùn lórí ìyẹn, mo ti sunkún tiẹ̀ tán.

Ìgbà tí ọmọ pé ọdún kan àti oṣù mẹ́fà ni ìyá wa wá láti Ìsẹ́yìn. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, wọ́n ń wo Mofẹ́ tó ń yí kẹ̀kẹ́ òwú kiri ilẹ̀, wọ́n wá ní, "Gbé ọmọ yìí fún ẹ̀gbọ́n ẹ kó lọ bá wọn gbé. Ọmọ ló ń pe ọmọ wá. Tó bá ti ń sunkún, tó ń ṣeré nínú ilé yẹn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á gbọ́ ohùn rẹ̀, wọ́n á yà síbẹ̀. Ọdún kan péré." Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ Yorùbá, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Àwọn ìyá wa ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ó sì ti ṣẹ fún àwọn kan, a mọ àwọn kan tó ṣẹ fún. Ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Mo lè sọ pé nítorí àánú ẹ̀gbọ́n mi ni mo ṣe gbà, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òótọ́. Ṣé kí n sọ èyí tó kù? Ó ti rẹ̀ mí. Èmi nìkan, ọmọ nìkan, iṣẹ́ oníṣẹ́ lórí tábìlì, ibà lónìí, eyín ń hù lọ́la. Nígbà tí ìyá wa sọ̀rọ̀ yẹn, kí n tó ronú kan ẹ̀gbọ́n mi rárá, oorun ni mo kọ́kọ́ ronú kàn. Mo ronú pé màá rí oorun sùn. Àdúrà tí mò ń gbà kí Ọlọ́run dárí jì mí kò tíì kọjá ibẹ̀ yẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi wá mú un ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Ìyá wa ní kí wọ́n má gbé e lọ́wọ́, kí wọ́n pọ̀n ọ́n, nítorí ẹ̀yìn ni ọmọ fi ń mọ ìyá. Ẹ̀gbọ́n mi ò pọnmọ rí, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ síwájú kí ọmọ lè jókòó dáadáa. Mo bá wọn gbé e lé e, mo fa ìró yí wọn ká, mo so ọ̀já lábẹ́ ọmú wọn, mo so ó kó le. Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún. Mofẹ́ ń rẹ́rìn-ín, ó ń fà wọ́n nírun. Wọ́n gba ẹnu ọ̀nà jáde.

Oṣù kejì ni mo ṣe ohun tó ju ìyẹn lọ. Mo lọ kí wọn, mo bá ìyá ọkọ wọn níbẹ̀. Bí ọmọ ṣe rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó sáré, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń ké, "Màmá! Màmá!" Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ti gbẹ. Ìyá ọkọ wọn mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ ọlọ́mọ!" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí débi pé n kò ro ohun méjì. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo yí ojú ọmọ mi sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, mo ní, "Rárá o. Mummy nìyẹn. Èmi, Aunty." Bisikíìtì wà nínú báàgì mi. Bó bá pe ẹ̀gbọ́n mi ní Mummy, mo fún un ní ẹyọ kan. Bó bá pè mí ní Màmá, mo pa ọwọ́ mi dé. Kí bisikíìtì yẹn tó tán, ọmọ mi ti mọ̀ ọ́n. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ̀yin èèyàn, èmi náà pàtẹ́wọ́!

Ẹ máa bi mí pé, ṣé orí mi pé? Ó pé. Ohun tó tàn mí nìyí: èmi fúnra mi, Àǹtí ni mo ń pe ìyá tó bí mi títí di òní olónìí. Ní agboolé wa, ìyá bàbá wa ni gbogbo ọmọdé ń pè ní Ìyá. Àwọn àbúrò bàbá wa ń pe ìyá mi ní Àǹtí, èmi náà gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń pe ìyá yín ní Sìstá tàbí Àǹtí bákan náà, ẹ kò sì ṣi ìyá yín mọ̀ rí. Mo ní orúkọ lásán ni. Mo gbàgbé pé abẹ́ òrùlé kan náà ni èmi àti Àǹtí tèmi jọ ń sùn, pé ọwọ́ Àǹtí yẹn náà ló ń wẹ̀ mí, tó ń bọ́ mi, tó ń nà mí. Èmi gba orúkọ kúrò lára mi, mo tún gbé ara mi kúrò nílé. Kí ló wá kù tí ọmọ fẹ́ fi mọ̀ mí?

Lákọ̀ọ́kọ́, gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè ni mò ń lọ wò ó. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti fẹ́ máa bọ̀, á fà mọ́ mi láṣọ, á sunkún títí yóò fi sùn lọ. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí, ohùn wọn tutù, wọ́n ní, "Àbúrò mi, jọ̀ọ́, rọra ná. Jẹ́ kí ara ẹ̀ mọlé." Mo dín in kù sí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Oṣù kan di oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́ta di Kérésìmesì àti ọdún Àjíǹde, tí ilé á kún fún àlejò, tí màá kàn rí i fìrí. Fótò ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, ẹ sì mọ̀ pé fótò kì í sọ bí ọmọ ṣe ga tó. Ọdún kan tí a ní kọjá, òmíràn tẹ̀lé e. Ọmọ tí a ní kó pe ẹgbẹ́ rẹ̀ wá kò rí ẹnì kankan pè. Kò sì sẹ́ni tó tún dárúkọ dídá padà. Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ ọ́, èmi náà ò bèèrè. Ojú ń tì mí ni. Báwo lèèyàn ṣe ń ní kí ẹni tó ra máṣíìnì tó fi ń jẹun fún un dá nǹkan padà?

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí ọjọ́ìbí Mofẹ́ ku ọjọ́ méjì, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n wá bá wọn gé kéèkì. Mo bi wọ́n pé kí ló ń wu ọmọ báyìí. Wọ́n ní, "Píánò. Kò mọ nǹkan míì ju píánò lọ." Inú mi dùn débi pé mo ti ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán gangan, mo gba Kétu lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta ohun ìṣeré ọmọdé. Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ pè mí ní Mummy. Mo mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo obìnrin ní Èkó nìyẹn, síbẹ̀ etí mi gbà á lọ́jọ́ náà. Ó to píánò mẹ́ta síwájú mi. Ọ̀kan ní ẹsẹ̀ mẹ́ta àti àpótí kékeré tí ọmọ máa jókòó lé, ibi tí wọ́n ń tẹ̀ lára rẹ̀ pọ̀ jàntirẹrẹ, funfun àti dúdú, wọ́n sì fi ìwé orin pẹlẹbẹ kan sí i. Èkejì ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kọrin. Ẹ̀kẹta rí roboto, ó pupa fẹ́ẹ́, bọ́tìnnì márùn-ún péré ló wà lára rẹ̀, orí ẹranko kọ̀ọ̀kan sì wà lórí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan. Bó o bá tẹ àkùkọ, á kọ. Bó o bá tẹ màlúù, á ké.

Ọkàn mi ti lọ sọ́dọ̀ màlúù. Nígbà tí Mofẹ́ wà lọ́dọ̀ mi, bí àwọn màlúù bá ń kọjá lọ sí ọ̀nà Mile 12, tó gbọ́ igbe wọn, á máa mi ìdí jó. Ọmọbìnrin náà bi mí pé, "Ọmọ ọdún mélòó ni, Mummy?" Mo ní ọdún mẹ́rin. Ó ní, "Ẹlẹ́sẹ̀ yìí ni kẹ́ ẹ mú o. Ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn leléyìí tẹ́ ẹ dì mú yìí. Ọmọ ọdún mẹ́rin ti gbọ́n jù ú lọ." Ẹ gbọ́ o, mo fi í rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ìwọ, ìka ọmọ mi ò tó nǹkan. Níbo ló fẹ́ ti rí ìka tó máa fi tẹ gbogbo iyẹn?" Mo na ìka ọwọ́ mi tó kéré jù sí i, mo fi èékánná sàmì sí ìdajì rẹ̀, mo ní, "Kò ju báyìí lọ." Ó tún bi mí bóyá ọmọ ti ń ka nọ́ńbà, bóyá ó ti ń kọ orin ilé ìwé, àwọ̀ wo ló fẹ́ràn. Mo ń dáhùn fàlàlà, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́. Ta ló sọ fún mi? Kò sẹ́nì kankan. Ó wá ní, "Ó dáa, Mummy. Ẹ̀yin lẹ mọ ọmọ yín." Mo tẹ màlúù lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó sanwó. N kò jẹ́ kó fi ọ̀rá dì í, mo gbé e lọ́wọ́ báyẹn kí ẹni tó bá rí mi lè bi mí pé ta ni mo rà á fún. Obìnrin kan sì bi mí nínú ọkọ̀. Mo ní, "Ọmọ mi ni." Ó ti pẹ́ tó tí ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde lẹ́nu mi!

Lọ́jọ́ ìbí náà, ẹ̀ṣọ́ tó wà ní géètì Magodo béèrè ẹni tí mo fẹ́ rí. Mo dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi, mo wọlé. Ọmọ tó jáde wá pàdé mi ga kọjá ìbàdí mi. Ó kúnlẹ̀ wọ́ọ́, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Aunty." Ọmọ mẹ́rin láti inú ẹ́sítéètì wà níbẹ̀, gbogbo wọn jókòó yíká kéèkì. Nígbà tó kan ẹ̀bùn tèmi, ó fara balẹ̀ ṣí bébà tí mo fi wé e nílé, kò ya á. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà tẹ màlúù, ó ké, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mofẹ́ ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Thank you, Aunty." Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi, ó rọra sọ ọ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí n gbọ́, "Mummy, it's for babies." Ó ní ṣé òun lè fi fún ọmọ ọwọ́ ilé kejì. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Mofẹ́! Aunty ra nǹkan fún ẹ, ohun tó o máa sọ nìyẹn?" Lọ́gán ló kúnlẹ̀ bẹ̀ mí. Ó fa píánò náà mọ́ra, ó tẹ màlúù lẹ́ẹ̀mejì, ó ń wo ojú mi bóyá mo ti ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́rin ló ń ṣàánú mi!

Kò pẹ́ ni wọ́n ní kó wá lu orin ọjọ́ìbí. Píánò ńlá wà ní pálọ̀ wọn, igi ni, gidi. Ó gun àga lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kanlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì lu orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ṣì í. Mo wo ìka rẹ̀. Ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ìka bàbá rẹ̀ gan-an ni. Ibẹ̀ ni ohun tí mo ṣe ti yé mi. Kì í ṣe ọmọ tó jókòó níwájú mi yìí ni mo lọ rajà fún ní Kétu. Èyí tí mo so mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi ni mo rà á fún, ọmọ ọdún kan ààbọ̀ tí mo ṣì ń gbé kiri nínú ọkàn mi, tí kò dàgbà, tí kò kúrò lójú kan. Èmi tí mò ń fi etí lásán wọn ọmọ ọlọ́mọ, n kò mọ bí èyí tí mo bí ṣe tóbi tó. Mo ní òùngbẹ ń gbẹ mí, mo sá wọ ilé ìdáná.

Ẹ̀gbọ́n mi bá mi níbẹ̀, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo rò pé wọ́n fẹ́ rẹ̀ mí lẹ́kún ni. Wọ́n ní iṣẹ́ ti jáde fún ọkọ wọn ní Kánádà, pé kò ní pẹ́ tí gbogbo ilé á fi kó lọ, pé ìwé ọmọ nìkan ló kù. Lọ́yà ní ìyá tó bí i gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ilé ẹjọ́ tó lè sọ ọ́ di ọmọ wọn pátápátá. Wọ́n di ọwọ́ mi méjèèjì mú. "Mi ò fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ ẹ. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ fi í sílẹ̀ lọ? Òun ni mo ń jí rí láràárọ̀." Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo rí i pé ẹ̀gbọ́n mi ti rù, pé ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ wọ́n tipẹ́. Mo gba ìwé náà. Mo ní kí wọ́n kàn jẹ́ kó wá lo ọjọ́ kan lọ́dọ̀ mi.

Wọ́n gbé e wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n já a sílẹ̀, wọ́n lọ. Inú ọmọ dùn sí gbogbo nǹkan: máṣíìnì, ègé aṣọ, àwọn bọ́tìnnì tó wà nínú agolo. Ó bi mí pé, "Aunty, ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń gbé ibí?" Mo ní kó wá jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi kí n dirun fún un. Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ bí orí ọmọ ṣe máa ń rí lórí itan èèyàn. Ó wúwo, ó gbóná, ó dùn mọ́ mi dé egungun. Mo di apá kan tán. Mo ní bí n kò bá sọ ọ́ báyìí, ìgbà wo ni màá sọ ọ́? Mo ní, "Mofẹ́, ṣé o mọ̀ pé èmi ni mo bí ẹ?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Aunty, ẹ máa ń ṣàwàdà gan-an." Ǹ bá dákẹ́. Ta ló ní kí n má dákẹ́? Mo dìde, mo mú káàdì ọsibítù rẹ̀ wá, mo mú fótò tí mo ti gbé e sáyà, tí ìdodo rẹ̀ ò tíì gbẹ. Mo ní, "Èmi nìyí. Ìwọ nìyí. Èmi ni mummy ẹ. Ẹ̀gbọ́n mi kàn ń bá mi tọ́ ẹ ni."

Ó wo fótò náà, ó wò mí, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Aunty, ṣé Mummy ò fẹ́ mi mọ́ ni?" Mo ní rárá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kò gbọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mi mú, ó ní, "Ẹ bá mi bẹ Mummy. Mo máa máa jẹ oúnjẹ mi tán. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." Ó tọ̀ sára níbi tó jókòó sí. Ọmọ tí wọ́n sọ fún mi pé láti ìgbà tó ti pé ọdún méjì kò tọ̀ sára mọ́! Mo gbé e, ó ń ti ara rẹ̀ kúrò láyà mi. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Kí wọ́n tó dé, ohùn rẹ̀ ti há. Bí ó ṣe rí wọn lẹ́nu ọ̀nà ló fò mọ́ wọn lọ́rùn, ó bo ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn wọn, ìdajì irun rẹ̀ ní dídì, ìdajì ní títú, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Ẹ̀gbọ́n mi ò bú mi. Ó sàn kí wọ́n bú mi. Lọ́jọ́ Túsìdé wọ́n pè, wọ́n ní bí àwọn bá wọ balùwẹ̀, ọmọ á jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn títí àwọn á fi jáde, pé tí wọ́n bá dárúkọ Ìkòsì, á lọ sá pamọ́. Wọ́n ní, "Ọjọ́ Ẹtì ni lọ́yà ń retí ìwé yẹn. Tó o bá fẹ́ gba ọmọ ẹ, wá. Mi ò ní ti géètì mọ́ ẹ. Mi ò ní bá ẹ délé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ fúnra ẹ lo máa wá mú un lọ́wọ́ mi, mi ò lè gbé e lé ẹ lọ́wọ́." Mo pe Ìsẹ́yìn. Mo ní, "Àǹtí, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀." Wọ́n ní, "Ọmọ ò sọnù, ilé ẹ̀gbọ́n ẹ ló wà." Mo ní, "Ká ní ẹ gbé èmi fún èèyàn, tí mo wá ń sá fún yín ńkọ́?" Ìyá mi ní àwọn ò mọ̀ pé ó máa rí báyìí. Èmi náà ò mọ̀. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú yín máa sọ. Ẹ máa ní ọmọdé ni, ẹkún ọ̀sẹ̀ méjì ni, kí n lọ mú ọmọ mi, yóò gbàgbé. Òótọ́ ni, ọmọdé a máa gbàgbé, èmi ni ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n ṣé kí n tún fi ọwọ́ yìí kan náà já a gbà lẹ́ẹ̀kejì lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀? Àwọn mìíràn á ní kí n jẹ́ kó lọ, pé ọ̀hún dára fún un, pé bó bá dàgbà á wá mi wá. Bó bá wá mi wá, kí ni màá sọ pé ó mú mi fọwọ́ sí ìwé? Kí n ní oorun ló ń kùn mí? Ẹ̀yin tí ẹ ń ronú láti gbé ọmọ yín fún ẹ̀gbọ́n tàbí ìyá yín, n kò ní kí ẹ má ṣe é, àwọn kan ṣe é, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ máa lọ wò ó, bó sunkún, bí kò sunkún. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ yín bí ìyá. Kí ẹ má sì jẹ́ kí ojú àlejò kankan mú yín sẹ́ ọmọ yín níṣojú rẹ̀, nítorí ọmọdé máa gbà yín gbọ́.

Ní àná, mo jókòó ti ìwé náà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé "Ìyá tó bí ọmọ," wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ. Mo kọ orúkọ mi. Láti ọdún méjì ààbọ̀ yìí, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti pè mí bẹ́ẹ̀. Ibi ìfọwọ́sí wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ṣì ṣófo. Ọjọ́ Ẹtì ti dé tán. Ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ, tí ẹ sì tọ́ ọmọ yín fúnra yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi: nínú kí n fọwọ́ sí i àti kí n lọ mú un, èwo ni ìyá ń ṣe?